Ọtí Tí Mo Sè ní Ọ̀tà

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Ọ̀tà ni wọ́n ti sọ mí ní Àǹtí Kútọnù, bẹ́ẹ̀ mi ò gbé Kútọnù rí láyé mi. Abúlé kan nítòsí Pọ̀bẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní òdìkejì bọ́dà Ìdíròkò, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nílé tí a sì ń fi Faransé kàwé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kútọnù, ìgbà kejì gan-an, ehín ló ń dùn mí, mi ò ráyè wo ìgboro. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará Ọ̀tà, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìdíròkò wọlé, Kútọnù ló ti wá. Mo kọ́kọ́ ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, mo rí i pé àlàyé mi gùn ju orúkọ náà lọ, mo bá ń dáhùn.

Mo ti sọ fún ìyá mi kí n tó kúrò nílé pé kó fọkàn balẹ̀, pé Yorùbá ni wọ́n níbi tí mò ń lọ. Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá tiwọn ń sáré, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀ bí eegun inú ẹja. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ ra epo pupa, mo ní kí obìnrin tó ń tà á bá mi bù ú sí butéèyì. Ó wò mí. Mo tún un sọ. Ó kọjú sí aládùúgbò rẹ̀.

"Ta ló ń jẹ́ Butéèyì ní àdúgbò yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ọkọ rẹ̀ ni?"

Mo nàka sí ìgò kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀. "Ìgò!" ni àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà ni mo tó mọ̀ pé ẹkún díẹ̀ wà nínú ẹ̀rín tèmi. Wọ́n ti ń pè é ní butéèyì nílé wa kí wọ́n tó bí mi. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé Faransé ni. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ti ìyá mi ni, ó ti di ti àlejò lẹ́nu mi.

Àtàn-Ọ̀tà ni mo gbà yàrá sí, nílé obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àlájà. Ike ló ń tà níwájú ilé, abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi, ó sì ní ohùn tó lè dá ọkọ̀ dúró láìjẹ́ pé ó dìde. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé mo ti ríṣẹ́ ní fákítọ̀rì kan ní Sàngó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Àlùhámúdùlíláì! Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Ọtí ni, mà."

"Ẹlẹ́rìndòdò?"

"Rárá, mà. Ọtí líle."

Ọwọ́ tó gbé sókè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Àsítágífírúlà! Ìgò kan ò gbọdọ̀ wọ inú ilé yìí o."

Mo ní kò ní wọlé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ nínú abọ́ tuntun, ó ní ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la gbọ́dọ̀ jẹun kánú, irú iṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Abọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n máa wo ìgò. Àwọn ìgò náà á tò lórí bẹ́líìtì, wọ́n á máa kọjá lọ níwájú mi, èmi á máa yọ èyí tí ìdérí rẹ̀ bá wọ́. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé ọwọ́ àti ojú la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró kọjú sí mi ni Tóyìn, ọmọ Ìjù, tó lè fi ìpéǹpéjú nìkan ròyìn ìjà ilé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pijin ni àwọn ọ̀gá kéékèèké fi ń pàṣẹ. Mi ò gbọ́ ọ, nítorí náà mo máa ń wo ohun tí Tóyìn bá ṣe, èmi náà á sì ṣe é. Lọ́jọ́ kan ó fi ọwọ́ nu imú, mo fi ọwọ́ nu imú. Ó bú sẹ́rìn-ín, a sì di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà ìsinmi, mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

"Níbo ni wọ́n ti ń sè é?"

"Sè kí ni?"

"Ọtí náà."

Ó fi ẹnu júwe ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọkọ̀ táńkà kan dúró sí pẹ̀lú rọ́bà gígùn nídìí rẹ̀. "Sípíríìtì nìyẹn ń gbé wá. Wọ́n á da omi mọ́ ọn, wọ́n á da ṣúgà àti adùn tó bá wù wọ́n sí i. Ó tán."

"Ó tán?"

"Kí lo tún fẹ́?"

Mi ò kẹ́gàn iṣẹ́ náà o, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà níbẹ̀, tèmi pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wọ ilé ìdáná tí kò rí ààrò.

Nílé wa, bàbá mi ló ń dá ẹmu, ìyá mi ló ń sè é. Ohun tí wọ́n ń pè ní ògógóró níhìn-ín, sódábì la ń pè é. Bàbá á gbé ẹmu dé, ìyá mi á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, á dà á sínú àgbá, á dáná sábẹ́ rẹ̀. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù bàbà, páìpù náà á la àárín omi tútù kọjá, ooru á di omi padà, á sì máa kán sínú abọ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ kán, orí là ń pè é. Ó máa ń ta ènìyàn nímú, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ìyá mi á dà á nù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àárín máa ń dé, òun la ń mu. Bó bá sì ti rọ̀, tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ìrù ti dé nìyẹn, a ò ní fi kún un. Kò sí ẹ̀rọ tó ń sọ fún ìyá mi ibi tí orí ti parí tàbí ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Á jókòó tì í, á gbọ́ bó ṣe ń kán, á pa á mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á gbóòórùn rẹ̀. Ó máa ń dun bàbá mi tí wọ́n bá ń da orí nù, ó ní òun ló gun ọ̀pẹ. Ìyá mi á ní, "Bí mi ò bá lè fún ọmọ mi mu, mi ò lè gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn."

Lọ́jọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é. Bàbá mi ti kú nígbà náà, òun nìkan ló wà nílé pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin. Ìyá mi gbà pé bí ibi tí mo wà bá ṣe jìnnà tó ni òun gbọ́dọ̀ pariwo tó. Gbogbo ilé Àlájà ló mọ ìròyìn abúlé wa.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wo ìgò, Ìyá."

"O ń wo ìgò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀."

"Ṣé àwọn ìgò náà máa ń sá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀. Mo gbọ́ tí Àlájà náà ń rẹ́rìn-ín níwájú ilé, lẹ́yìn àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí fóònù bá ti kú, ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ Àìkú máa ń gùn. Tóyìn á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, èmi á fọ aṣọ tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń ronú pé ìbá rọrùn ká ní ibi tí mo lọ, èdè wọn yàtọ̀ pátápátá. Bí ènìyàn bá dé ìlú òyìnbó, gbogbo ayé mọ̀ pé àlejò ni, wọ́n á sì ṣàánú rẹ̀. Èmi, mo jọ wọ́n, mo ń jẹ orúkọ tí àwọn náà ń jẹ, ilà ojú àgbàlagbà mìíràn níbẹ̀ jọ ti bàbá mi bí ìbejì. Ìgbà tí mo bá la ẹnu ni wọ́n máa ń yí padà wò mí. Ó dà bí ẹni tó wọ ilé ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ní kó jókòó sí pálọ̀.

Àwọn ayọ̀ kéékèèké náà wà, mi ò ní gbàgbé wọn. Lọ́jọ́ kan lábẹ́ bíríìjì Sàngó, obìnrin kan tó gbé ẹrù dá mi dúró, ó ní níbo ni òun ti máa wọ mọ́tò Ìjókò. Mo sọ fún un. Mo tún kìlọ̀ fún un pé kó má wọ èyí tí kò tíì kún. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó lọ. Mo dúró síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín èrò. Kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì! Nígbà tí mo pe ìyá mi lọ́sẹ̀ náà, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ní, "Ta ló ń jẹ́ Mà?"

Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìgò wíwò nígbà tí wọ́n gbé ọtí tuntun dé. Ọmọbìnrin ẹni tó ni fákítọ̀rì náà ló gbé e kalẹ̀. Ọ̀gá Bísọ́lá là ń pè é, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ yá, bàtà rẹ̀ máa ń dún kó tó yọ. Ìgò ọtí náà dúdú, ó rẹwà. Lára rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ìyá arúgbó kan tó jókòó ti ìkòkò lórí iná. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọtí kíráàfùtì ni, pé ọwọ́ ni a fi sè é, bí àwọn ìyá wa ti ń sè é.

Nínú rọ́bà kan náà ló ti jáde. Mo rí táńkà náà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ojú mi.

Ìgò àkọ́kọ́ kọjá, mo ka ohun tí wọ́n kọ. Ìkejì kọjá, mo tún un kà. Nígbà tó di ìkẹta, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Tóyìn ń ṣẹ́jú sí mi kíákíá, mo rò pé òun náà ń rẹ́rìn-ín ni. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan dúró sẹ́yìn mi.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Ọ̀gá Bísọ́lá ni.

"Kò sí, mà."

"Kò sí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín báyẹn? Ẹ ká lọ sí ọ́fíìsì."

Mi ò dé ọ́fíìsì rẹ̀ rí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ mú kí n gbàgbé ẹ̀rù tó ń bà mí: ìkòkò bàbà kan, tó ga tó àyà mi, tó ń dán bí oòrùn, pẹ̀lú ọrùn gígùn àti páìpù rẹ̀ tó pé. Wọ́n ki òdòdó oníke sí i lẹ́nu.

"Ẹ ní ìkòkò!" ni mo wí. Mo ti fọwọ́ kàn án kí n tó rántí ibi tí mo wà.

"Fún fọ́tò ni. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ sọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín fún mi."

Mo rò ó pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi ná, mo bá sọ òtítọ́. Mo ní ìyá mi ń sè ọtí, mo mọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó tì í, ìyá arúgbó inú àwòrán yẹn kò sì sí nínú ìgò náà. Mo rò pé á bínú. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí olùkọ́.

"Kí ló wá ń sọ ọ́ di ti ọwọ́? Ṣé nítorí pé ó kéré ni? Àwa náà lè ṣe díẹ̀."

"Kì í ṣe kíkéré, mà. Ènìyàn lè ṣe díẹ̀ kó má dáa."

"Ìkòkò ni? Ìkòkò rèé."

"Òdòdó ló wà nínú rẹ̀, mà."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ọwọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin náà ń fi ọwọ́ gbé ìgò."

Mo ronú. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Nílé wa, a kàn ń ṣe é ni. Mo ní, "Bí ẹnìkan bá bi yín pé igi wo ló ti wá, ẹ lè mú un débẹ̀? Bó bá bi yín pé ta ló pinnu pé ó tó, ẹ lè pe ẹni náà jáde? Bó bá bi yín pé kí lẹ dà nù, kí lẹ máa sọ? Ìyá mi lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mà. Ó mọ̀ ọ́n láti orí igi títí dé ẹnu ìgò, imú rẹ̀ ló sì fi yàn án. Ìyẹn ni mo mọ̀."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ̀yin gan-an là ń wá!"

Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí wọ́n yọ ìyá arúgbó inú àwòrán, kí wọ́n fi fọ́tò tèmi rọ́pò rẹ̀. Èmi á ró ìró, màá dúró ti ìkòkò bàbà, màá sọ fún àwọn oníbàárà bí ìyá mi ṣe ń ṣe é. Wọ́n á sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, kì í ṣe ti àdéhùn oṣù mẹ́ta mẹ́ta mọ́. Màá ní àga. Mi ò ní dúró wo ìgò mọ́ láéláé. Ohun tó máa wà nínú ìgò ńkọ́? Ìyẹn ò ní yí padà.

Ó wù mí. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ó wù mí gan-an. Ẹsẹ̀ mi máa ń wú. Bí mo ṣe délé, mo rò ó fún Àlájà bó ṣe ń kó àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọlé. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó sórí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan.

"Ọtí tí ò ń ṣe, èmi ti ń bá ọ bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀. Ìyẹn nìkan ti wúwo tó. O wá fẹ́ fi irọ́ lé e? Kí n wá máa fi ẹnu mélòó bẹ̀bẹ̀?"

Mo pe ìyá mi. Òun ò tiẹ̀ béèrè nípa àga.

"Ṣé wọ́n máa dáná sí ìkòkò náà?"

"Rárá, Ìyá. Fọ́tò ni."

"Kí ni wàá wá dúró ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tútù?"

Lọ́jọ́ kejì, mo padà sí ọ́fíìsì náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò ní lè ya fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà lábẹ́ ìkòkò yẹn, màá dúró tì í títí ẹ ó fi ní kí n máa lọ." Ó nàka sí ilẹ̀kùn. Tóyìn ní mo ti fi ẹnu ara mi lé ara mi lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wo ìgò, tí mo sì ń retí ìwé ìdágbére. Nígbà tí wọ́n tún pè mí, wọ́n ti yọ òdòdó kúrò lẹ́nu ìkòkò náà.

"Kí lẹ nílò?" ni Ọ̀gá Bísọ́lá wí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, kì í ṣe pé mo ti yí i lọ́kàn padà. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é ni.

Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò lè ṣe é. Ojú títì ni mo máa fi ròyìn rẹ̀. Ẹmu ẹ̀gbẹ́ títì ni mo rà, omi àti ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹmu lọ. Mo tún fi ìkánjú dáná tó pọ̀ jù, ó jóná nísàlẹ̀. Ohun tó kán jáde kò kún ife, ó sì ń rùn bí táyà. Ọ̀gá Bísọ́lá tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sínú aṣọ ìnujú rẹ̀, ó wò mí. "Bí ìyá yín ṣe ń ṣe é nìyí?" Mo sọkún nínú ilé ìtọ̀. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Ó dà bíi pé mo ti bu ẹ̀tẹ́ lu ìyá mi níwájú àlejò.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wọkọ̀ lọ sí apá Adó-Odò, mo ń béèrè ẹni tó ń gun ọ̀pẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n júwe bàbá kan fún mi ní oko kan lẹ́yìn ìlú. Mo kí i, ó ń wo ẹnu mi.

"Ìwọ, ilé yín ò sí níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Apá Pọ̀bẹ́ ni."

"Mo mọ Pọ̀bẹ́! Bàbá tó bí ìyá mi máa ń ná ọjà níbẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, èyí tí mi ò gbọ́ ní Sàngó rí, àwọn ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ sì jọ tiwa gan-an. Nígbà tí mo bi í bóyá kì í da nǹkan sí ẹmu, inú bí i. "Kí n gun ọ̀pẹ pẹ̀lú eékún yìí, kí n wá sọ̀ kalẹ̀ da omi sí i? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Mo mọ̀ pé mo ti rí ẹni tí mò ń wá.

A jẹ́ kí ẹmu rẹ̀ kan bó ṣe yẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a gbé ìkòkò bàbà sí ẹ̀yìnkùlé fákítọ̀rì, jìnnà sí táńkà, mo sì dáná tó mọ níwọ̀n. Ọ̀gá Bísọ́lá gbé àga wá. Tóyìn wà níbẹ̀, ìgbà ìsinmi rẹ̀ ni. Mo pe ìyá mi, mo gbé fóònù sórí bíríkì.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, Ìyá."

"Gbé mi sún mọ́ ọn." Ó ń pariwo, gbogbo wa la gbọ́ ọ. "Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn!"

Ọ̀gá Bísọ́lá, tí gbogbo fákítọ̀rì ń bẹ̀rù, pa ẹnu mọ́.

A gbọ́ ọ, tó, tó, tó, sínú abọ́.

"Ó ń sáré jù. Yọ igi kan."

Mo yọ igi kan. A dúró.

"Ó ti ń rìn báyìí. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

Nígbà tí orí kún ìsàlẹ̀ abọ́, mo gbé abọ́ mìíràn sábẹ́, mo gbé ti àkọ́kọ́ dìde. Ọ̀gá Bísọ́lá na ọwọ́. "Ẹ dúró. Èyí tó le jù lẹ fẹ́ dà nù?"

"Òun ni, mà."

"Gbogbo ẹ̀?"

Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ níbi tó ń dà, láti òdìkejì bọ́dà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí.

Lẹ́yìn náà, àárín bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ó mọ́ bí omijé. Ó pẹ́ kó tó yí padà. Oòrùn ti gun àtàrí nígbà tí mo rí i pé ìró rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìyá, ṣé ìrù ti dé?"

"Èmi ò mọ̀."

"Ẹ fetí sí i dáadáa."

"Mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n etí ò tó fún èyí. Imú ló ń mọ̀ ọ́n, imú mi ò sì lè gba inú fóònù. Tìrẹ ló wà níbẹ̀. Ìwọ ni kó o sọ."

Mi ò dá pinnu rí. Òun ló máa ń wà níbẹ̀, òun ló máa ń sọ pé ó tó. Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo pa á, mo gbé e sí imú. Ọ̀pẹ ni mo gbọ́, àti èèpo búrẹ́dì díẹ̀. Mo dúró. Mo tún bù ú. Ọ̀pẹ náà ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀, díẹ̀ bíńtín, bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ.

"Ó tó," ni mo wí. Mo gbé abọ́ kúrò.

Kò sí ẹni tó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ọ̀gá Bísọ́lá tọ́ ọ wò pẹ̀lú ṣíbí, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan iná. Ó tún na ṣíbí sí i. Tóyìn ní, "Ó dáa nìyẹn," ó sì gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ. A bú sẹ́rìn-ín. Lórí bíríkì, ìyá mi ń pariwo, "Báwo ló ṣe rí? Ẹ̀yin ènìyàn yìí, báwo ló ṣe rí?"

Wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ó yege. Ìgò tó jáde nínú rẹ̀ ò pọ̀, ènìyàn kan lè gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lára ìgò náà, kò sí fọ́tò mi. Wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀pẹ Adó-Odò ni, wọ́n kọ orúkọ bàbá tó gùn ún, wọ́n kọ orúkọ tèmi tó sè é, wọ́n sì kọ ọ́ pé a da orí àti ìrù rẹ̀ nù. Ọtí inú táńkà náà ṣì ń jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ìyá arúgbó kúrò lára rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ló ń jẹ́. Àwọn tó ń mu ún kò bínú. Ọ̀gá Bísọ́lá kò tíì yéé ráhùn pé iṣẹ́ mi falẹ̀, pé ohun tí mo ń fi odindi ọjọ́ ṣe, ẹ̀rọ á ti ṣe é kí òun tó mu tíì tán. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo ń dáná. Àwọn ọjọ́ yòókù, mo ṣì ń wo ìgò, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún mi ní ìwé òṣìṣẹ́ gidi, mo sì ní àga.

Nígbà tí mo gba ìsinmi lọ sílé, mo mú ìgò kan dání. Ilé Tóyìn ní Ìjù ni mo ti lọ gbé e, nítorí Àlájà.

Ìyá mi kò jẹ́ kí n jókòó tán kó tó ṣí i. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó pa á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó mu díẹ̀, ó wo òkè. Àbúrò mi ń wò mí, èmi ń wo ọ̀fun rẹ̀.

"Kì í ṣe tiwa," ló wí.

"Kí ni mo ṣe sí i?"

"O ò ṣe nǹkan kan sí i. Ó mọ́, o gé e síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ibẹ̀ ni, omi ibẹ̀ ni. Mo ń gbọ́ ilẹ̀ kan nínú rẹ̀ tí mi ò mọ̀." Ó tún mu díẹ̀. "Má gbìyànjú kó jọ tèmi o. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Aládùúgbò wa kan wọlé láti wá kí mi káàbọ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí ìgò náà kó tó dé ara mi. Ó ní, "Sódábì tuntun ti jáde ni?"

"Kì í ṣe sódábì," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ọtí Ọ̀tà ni. Ọmọ mi ló sè é níbẹ̀."

Ó bu díẹ̀ fún un nínú ife tó kéré jù nílé, ó dé ìgò náà, ó sì gbé e wọ yàrá.